Ihò Mọ́kànlá Tí Mo Dá Lu Ọkọ̀ Látúbọ̀sún

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Ẹrẹ̀tútù. Ẹni tí àwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa tún un ṣe lọ. Ìtàn tèmi kò ní kí ọwọ́ ó sinmi. Etí nìkan ni mo fẹ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Abọ́sẹ̀dé, ọdẹ igbó, ọdẹ odò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ọdẹ. Bàbá mi ní obìnrin kì í gbé ìbọn, mo sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ajá títí mo fi mọ ohun tí ó mọ̀. Ọ̀nì tí ó ń gbé àwọn alágbàfọ̀ lọ ní Ẹsẹ̀-Odò, ọwọ́ mi ni ó kú sí. Ẹ má wulẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bí ẹ bá rí mi tí mo gbé ọwọ́ lé àyà lónìí, kì í ṣe ìhàlẹ̀. Àyà ló ń já mi.

Ogún ọdún rèé tí a ti ń pàdé níhìn-ín, lẹ́bàá omi, ní ọ̀sán tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́. Kí a tó lu agogo ìkùukùu, ẹ ó ní kí n sọ bí mo ṣe mú un bọ̀ láti ìsàlẹ̀ Ọ̀sà Àìrídìí. Mo ti sọ ọ́ fún yín nígbà mọ́kàndínlógún. Nígbà mọ́kàndínlógún náà ni mo ní iwin eléyín mọ́kànlá kan bu ọkọ̀ mi jẹ, pé òun ló dá mi dúró tí n kò fi tètè dé. Ẹ ti fi iwin náà kọrin. Ẹ ti fi dẹ́rù ba ọmọ.

Ìjẹta ni àwọn àgbà ìlú lọ bá Ẹ̀gbọ́n Látúbọ̀sún, àwọn tí ń gbẹ́ ọkọ̀ fún wa, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, pé kí wọ́n gbẹ́ ère iwin náà, eyín rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí a rì í mọ́ èbúté. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọn kò lè sọ̀rọ̀, ẹ kúkú mọ̀. Wọ́n kàn mi orí pé àwọn yóò gbẹ́ ẹ. Láti ìjẹta yẹn ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún yín lónìí.

“Ìyá Ọdẹ! Ẹ jẹ́ kí a tètè dé ibi tí iwin ti bu ọkọ̀ jẹ o! Ibẹ̀ ló dùn jù!”

Sùnmọ́nù apẹja ló ń pariwo yẹn. Sùnmọ́nù, kò sí iwin.

Ẹ pa ẹnu yín dé. Ohun tí mo wí ni ẹ gbọ́. Kò sí iwin tó bu ọkọ̀ jẹ. Èmi ni iwin náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ.

Ìkùukùu ìlú wa kì í ṣe irú ti ibòmíràn. Ó ń gbé ohùn mì. Ìbọn lè dún nínú rẹ̀ kí ẹni tó wà nítòsí má gbọ́. Ohun méjì péré ni kò lè gbé mì láyé ìgbà náà: agogo wa, àti ohùn Ẹ̀gbọ́n Látúbọ̀sún. Ẹ̀yin èwe kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Bí wọ́n bá kí ará òkè odò, ará ìsàlẹ̀ odò á dáhùn. Ní ọdún tí mò ń wí, odò kún, ó ya bèbè, ó gbé agogo lọ pẹ̀lú igi tí a fi kọ́ ọ, ó gbé e dé Ọ̀sà Àìrídìí. Ọyẹ́ ku oṣù mẹ́ta. Bí ọyẹ́ bá dé tí kò sí agogo, apẹja tó bá wà lójú omi kò ní mọ ibi tí ilé wà. Èmi ni mo dìde láàárín ìlú tí mo ní n óò mú un bọ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ẹnu mi ló rán mi.

Okùn ẹyọ kan kì í kan ìsàlẹ̀ Ọ̀sà Àìrídìí, ojú kì í rí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè mọ ibẹ̀ ni Etí-Ìsàlẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ará Ìlú Elétí, ní òdìkejì Igbó Aláìlẹ́yẹ. Mo wọ igbó náà. Ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ wà nínú ikùn dí ọ̀nà mọ́ mi, ó ní kí n sọ ohun tí mo gbé lé èjìká. Mo ní ìbọn ni. Ó ní òun kò mọ ìbọn, kí n fi bí ó ti ń ṣe han òun. Mo fi hàn án. Títí di òní ni ó ń sá lọ. Igi kan ní kí n kúnlẹ̀ kí òun tó jẹ́ kí n kọjá; mo bi í pé ṣé òun náà yóò kúnlẹ̀ bí mo bá yọ àdá, ó ya ọ̀nà fún mi. Bí n bá ń sọ ti igbó yẹn, ilẹ̀ á ṣú.

Àwọn ará Ìlú Elétí, etí wọn fẹ̀ bí ewé kókò. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbígbọ́ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba Etí-Ìsàlẹ̀, yóò jókòó láàárín ọjà fún ọjọ́ méje, wọn yóò máa bú u, kò sì gbọdọ̀ fọhùn. Ẹ mọ ẹnu mi. Wọ́n bú mi! Wọ́n ní ìmú mi dà bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ní òjìji ni mò ń yìnbọn sí. Wọ́n bú ìyá mi. Mo jókòó fún ọjọ́ méje bí òkúta, n kò wí nǹkan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, a óò padà síbẹ̀.

Wọ́n fún mi ní Etí náà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní apá kékeré méjì tí a lè fi kàn án mọ́ igi. Okùn gígùn kan so mọ́ ọn nídìí bí ìrù eku, dígí kan sì wà ní òpin okùn. Bí Etí bá wọ omi, yóò ju ohùn kan sísàlẹ̀ tí ènìyàn kì í gbọ́, yóò dúró de èsì rẹ̀, dígí yóò sì ya èsì náà: ibi tí omi jìn dé, ibi tí ẹja wà, ibi tí ohun líle dùbúlẹ̀ sí. Àgbà wọn sọ fún mi pé, “Inú omi ni kí ó wà nígbà gbogbo, omi tó dákẹ́, kí ojú rẹ̀ sì kọ ìsàlẹ̀ gan-an. Bí ìfófò bá bò ó, adití ni.”

Mo padà sílé wá wá ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n Látúbọ̀sún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ọ̀kan parí fún ara wọn. Ọdún méjì ni wọ́n lò lórí igi yẹn. Wọ́n yá mi lọ́kọ̀ náà. Ẹ mọ àṣà wa pé ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ nìkan ló lè dá ihò lu ú, níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé. A kì í lu etí ọmọ ọlọ́mọ láìsọ fún ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni Etí yìí yóò ṣe dúró lára ọkọ̀?”

Wọ́n wọlé, wọ́n mú pákó kan jáde tó gùn tó apá ènìyàn, àti èèkàn méjì. Wọ́n ní, “Kó ẹrù rẹ sínú ọkọ̀ ná. Jókòó síbi tí o óò máa jókòó sí. Ìgbà náà ni kí o wo ibi tí omi dé lẹ́yìn ọkọ̀. Lókè ibẹ̀, níbi tí omi kì í dé, ihò méjì. Mo fún ọ láṣẹ méjì yẹn. Fi èèkàn gbé pákó kọ́ ọ, kí ìsàlẹ̀ pákó wọ omi. Pákó ni kí o kan Etí mọ́. Bí kò bá gbọ́ràn níbi kan, sún un. Bí ihò yóò bá pọ̀, kó pọ̀ sára pákó. Pákó kì í rì.”

“Okùn rẹ̀ ńkọ́?”

“Orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kó gbà wọlé. Kí ló fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀?”

“Ó tán?”

“Ó tán, Abọ́sẹ̀dé. Máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ti la Igbó Aláìlẹ́yẹ kọjá, mo ti gba ohun ìyanu bọ̀, pákó ni ẹnì kan wá gbé lé mi lọ́wọ́. Kò sí “ọmọ akin” níbẹ̀, kò sí “ẹ̀rù ń bà mí fún ọ”. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ dídùn ni oúnjẹ mi. Mo ju pákó náà sínú ọkọ̀, mo fi ṣe àga.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gúnlẹ̀ sí èbúté Ẹlẹ́nu-Oyin. Iwin ni, iwin gidi nìyí. Ó ga, ó gún régé, aṣọ funfun ló wọ̀, bí ó bá sì ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, oyin ni ń fò jáde láàárín eyín rẹ̀. Ó tọ́jú mi. Ó kí mi:

“Abọ́sẹ̀dé! Obìnrin tí ẹkùn ń yà fún lójú ọ̀nà! Abìbọn-má-tàsé! Àbí ojú mi ni? Kí ni pákó yìí ń ṣe lábẹ́ ìdí rẹ bí ìdí ọmọ tó ń kọ́ ìjókòó?”

Ojú tì mí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí oyin fi bo ojú rẹ̀.

“Ohun tí àwọn Elétí fi pamọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ìwọ fẹ́ so ó mọ́ pákó bí ẹni so ewúrẹ́? Ara ọkọ̀ gan-an ni ibùjókòó rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ bíi tìrẹ kì í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ agbẹ́gi.”

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Èmi ti rí ọ̀rọ̀ dídùn tó yọ irin lápò, nítorí ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú irin tí a fi ń dá igi lu fún mi. Kò fipá mú mi. Kò di ọwọ́ mi mú. Bí ẹnì kan bá ní èṣù ló ti òun, ẹ bi í léèrè ẹni tó mú irin náà dání.

Mo wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn. Ó ṣófo, ó dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Mo fojú díwọ̀n ibi tí omi yóò dé, mo dá ihò méjì lu ẹ̀yìn rẹ̀, mo kan Etí mọ́ ọn. Mo tì í sínú omi, mo kó ẹrù síwájú, mo jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ gbé sókè. Etí fì sínú afẹ́fẹ́. Mo wo dígí: ó ya àwọsánmà, ó ya àwòdì kan tó ń kọjá.

“Àwòdì!” ni Ẹlẹ́nu-Oyin wí. “Ẹ wo agbára!”

Mo tún wọ́ ọ gòkè. Mo dá méjì mìíràn lu nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ibi tí igi ọkọ̀ ti yọ gọngọ. Omi ń yí níbẹ̀, ó ń hó bí ọṣẹ. Etí di adití. Mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, méjì mìíràn. Àjẹ̀ mi ń lu omi mọ́ ọn lójú. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì, méjì mìíràn, ó dagun. Kò kọ ojú sísàlẹ̀, etí bèbè ló ń gbọ́, ẹsẹ̀ akàn ni dígí ń yà. Mo tún un ṣe sí àárín ẹ̀yìn, méjì mìíràn. Ibẹ̀ dára bí ọkọ̀ bá dúró. Bí ó bá ti rìn, ó dákẹ́. Ihò tí mo bá fi sílẹ̀, mo ń fi òwú àti ọ̀dà dí i. Mo ń dúró kí ọ̀dà gbẹ, Ẹlẹ́nu-Oyin sì ń yìn mí. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbẹ̀. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bá iwin jà. Ìyìn ni mo jókòó jẹ.

Ihò mẹ́wàá nìyẹn. Ìkọkànlá ló burú jù, nítorí kò wúlò rárá. Ẹlẹ́nu-Oyin wo okùn tó gba orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé, ó ní kò lẹ́wà, ó ní ó dà bí okùn ewúrẹ́. Mo dá ihò kan lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó tó àtàǹpàkò, mo fi òwú àti ọ̀dà yí okùn ká nínú rẹ̀. Nítorí ẹwà. Ẹ wò mí dáadáa. Nítorí ẹwà ni.

Mo dé Ọ̀sà Àìrídìí. Omi ibẹ̀ dúdú, kò ní ìgbì, kò ní bèbè. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dà àkọ́kọ́ já bọ́. Ìkejì tẹ̀lé e. Mo ń gbọ́n omi, omi ń wọlé. Ìgbà náà ni mo rí Ìyá Ọ̀sà. Arúgbó ni, ó jókòó lórí omi bí ẹni jókòó lórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Kò kí mi. Ó ní, “Kí ni í wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tí í jókòó láìgba àga, tí í sì í lé onílé jáde?”

Mo ní, “Olè ni.”

“Olè kì í jókòó.”

“Àna ni.”

“Wo orúnkún rẹ.”

Mo wò ó. Omi ti dé orúnkún mi.

Ó ní, “Kí ni a ń mú kúrò lára rẹ̀ tí ó ń tóbi sí i?”

Èyí kò gba àkókò. Mo ní, “Ihò ni, Ìyá. Ihò ni. Ẹ gbà mí.”

Ó ní òwú kò lè dí ihò nínú ọ̀sà òun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà. Mo rò pé oríkì ni ó fẹ́ gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, mo kì ara mi mọ́ ọn, gbogbo ohun tí Ẹlẹ́nu-Oyin kọ́ mi. Omi dé itan. Arúgbó náà ní, “Ẹnu rẹ ń dá ihò kún un. Sọ ohun kan tó jẹ́ òótọ́, tí o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.”

Omi dé ìbàdí. Mo ní, “Ẹfọ̀n tí mo ní mo pa ní Òkè-Ira, ó ti kú kí n tó bá a.”

Ihò kan dí. Mo gbọ́ ọ: ó dún pọ́, bí ìgbà tí a bá fi ìdérí dé ìkòkò.

Mo ní, “Ní Ìlú Elétí, ìda oyin ni mo fi dí etí. N kò gbọ́ èébú kan.” Òmíràn dí. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Mo ní ẹ̀rù ejò ń bà mí, àní ejò tó ti kú. Òmíràn dí. Mo ní ọjọ́ tí ìyá mi ń kú lọ, tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, n kò lé ẹran kankan nínú igbó. Abẹ́ igi ni mo jókòó sí. N kò lè wo ojú rẹ̀. Ihò yẹn pẹ́ kí ó tó dí. Mẹ́rin yòókù ní àwọn tí wọ́n kàn, mo sì ti lọ bá wọn nílé. Ihò mẹ́jọ dí. Méjì àkọ́kọ́ wà lókè omi, wọn kò jò. Ó ku èyí tí okùn gbà.

Mo ní, “Mo dá ihò lu ọkọ̀ Látúbọ̀sún, mo sì mọ̀ pé kò tọ́.”

Kò dí.

Ìyá Ọ̀sà ní, “Èmi kọ́ ló ni ìyẹn. Sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Fa okùn rẹ yọ, fi gìgísẹ̀ dí i títí o óò fi délé.”

Ó rì. N kò rí ojú rẹ̀.

Mo fi gìgísẹ̀ dí ihò náà. Àga mi ti fò lórí omi inú ọkọ̀, ó ń kan mí ní orúnkún. Mo wo pákó náà. Mo wo ihò méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, èyí tó ga jù, tó ń gbọ́ àwọsánmà. Ibi tí Ẹ̀gbọ́n ní kí n dá a lu gan-an ni. Mo fi èèkàn méjèèjì gbé pákó kọ́ ọ, mo kan Etí mọ́ ìsàlẹ̀ pákó. Kò gbọ́ràn dáadáa. Mo sún un sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ara pákó ni mo lu. Ó gbọ́. Okùn gba orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọlé. Dígí ya ìsàlẹ̀ Ọ̀sà Àìrídìí fún mi bí ẹni ya ilà sórí iyanrìn, mo sì rí agogo wa, ó dorí kodò sínú ẹrẹ̀, ẹja kan ń sùn nínú rẹ̀. Ìwọ̀ àti gbogbo okùn tí mo ní, tí mo so pọ̀, ni mo fi fà á. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó gòkè.

Nígbà tí mo fi máa yíjú sílé, ọyẹ́ ti dé. Ìkùukùu bo ojú omi. Agogo wà nínú ọkọ̀ mi, kì í ṣe ibi tí àwọn tó ń wá ilé ti lè gbọ́ ọ. Mo ń tukọ̀, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan.

“Ilé rèé o! Ilé rèé o!”

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà lójú omi nígbà tí ìkùukùu já lù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Látúbọ̀sún wọ omi dé àyà, wọ́n ń pè. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ ń tọ ohùn wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn pé. Ìyàwó wọn ní, “Bàbá Ìdòwú, ẹ jáde, wọ́n ti pé.” Wọ́n ní, “Ó ku ọ̀kan.” Èmi ni ọ̀kan náà. Wọ́n tún pè fún ọjọ́ méjì sí i. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilé ni ohùn náà ń ya, bí aṣọ. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ mi fi kan iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ ti wà ní ẹnu wọn, ohùn ti tán. Kò padà mọ́.

Ẹ gbé wọn dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ẹ yí mi ká. Ẹnì kan bi mí pé, “Abọ́sẹ̀dé, kí ló pẹ́ ọ tó báyìí?”

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wo ẹni tó wà lórí ẹní. Mo ní, “Iwin ni.” Mo ní, “Iwin eléyín mọ́kànlá.”

Mo gbọ́ bí omi ṣe ya wọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ fi ọkọ̀ náà ta mí lọ́rẹ, Ẹ̀gbọ́n sì mi orí sí i. Ogún ọdún ni mo fi ń ki àkísà bọ ihò yẹn. Ogún ọdún ni mo fi ń gbọ́n omi. Ẹ̀yin náà ń pè mí ní Ìyá Aláṣọ-Tútù, ẹ rò pé iṣẹ́ odò ni. Bí mo bá tètè dé, bí mo bá gba pákó, ǹ bá ti délé kí ọyẹ́ tó fẹ́. Wọn kì bá tí wọ omi.

Ẹ̀gbọ́n Látúbọ̀sún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dá a lu. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ sọ fún mi pé kí n má ṣe é. N kò gbọ́. Ohùn yín lọ nítorí rẹ̀, mo sì fi iwin bò ó mọ́lẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n máa yìn mí lójú yín. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kún un. Ó tán.

Ibi tí mo sọ fún wọn dé nìyẹn. Ìyókù, èmi ni mo délé tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí kò sí níbẹ̀. Bí ìwé mi kò bá dùn, èmi ni mo kọ́ ara mi ní ìwé.

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n dìde. Wọ́n lọ bá ọkọ̀ náà, wọ́n mú àáké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ là á. Ó tọ́ kí wọ́n là á.

Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n mú ohun kan jáde nínú rẹ̀, wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n fi í sí mi lọ́wọ́. Èdídí ni, ó tó àtàǹpàkò, igi kan náà tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ ti kàn án títí ó fi dúdú, tí ó ń dán bí ekùrọ́. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn gbẹ́ ní ìjẹta. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ mọ ojú irin yàtọ̀ sí ojú eyín. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ni wọ́n ti mọ̀.

Ẹnu wọn ń mì. Mo na etí sún mọ́ ọn. Èémí lásán ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

“Ó ku ọ̀kan.”

Mo kúnlẹ̀, mo dojúbolẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ta mí díẹ̀ pé kí n dìde, iṣẹ́ wà. Mo yọ àkísà. Mo ki èdídí bọ ihò náà, wọ́n na ẹ̀yìn àáké sí mi, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wọlé ṣinṣin.

Àwọn àgbà bèèrè ohun tí a óò wá fi ère náà ṣe. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ rí nǹkan ní èbúté, kí wọ́n rí pákó, kí ó ní ihò méjì.

A ti ọkọ̀ sínú omi. Mo wọ̀ ọ́, mo jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ti máa ń dúró. Mo jókòó títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí wa. Ìlú ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n jókòó sí ẹ̀bá omi, ojú wọn kò kúrò lára mi.

Sùnmọ́nù ni kò lè mú un mọ́ra. Ó ké láti bèbè pé, “Ìyá Ọdẹ, aṣọ ńkọ́?”

Mo fọwọ́ kan ìdí aṣọ mi. Ó gbẹ.

Mo ní kí wọ́n lu agogo.